Ìwé Gbèsè Bàbá Mi Padà Dé Kùmásì

Àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni kí á wí nípa ẹni tí wọ́n bí sí oko, tí ó jẹ́ pé oko náà ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ní ilé? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni èmi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi ti wá, ibẹ̀ ni mo kọ́ ilé sí, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sin mí sí bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ṣùgbọ́n Kùmásì, ní ilẹ̀ Gáńà, ni wọ́n ri ibi mi mọ́ ní ọdún 1959.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, èmi àti ìyàwó mi gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wa jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́, a sì wà á títí a fi dé Kùmásì. Àwa méjèèjì ti fẹ̀yìn tì, èmi lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, òun lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni a lò ní àlọ àti àbọ̀. Àwọn ọmọ wa ní kí a wọ ọkọ̀ òfuurufú, pé egungun wa kò gba wàhálà mọ́. Mo dá wọn lóhùn pé orí ilẹ̀ ni wọ́n gbé lé wa kúrò níbẹ̀, orí ilẹ̀ náà ni a ó gbà padà.

Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè mọ ohun tí mo ń wí, ẹ jẹ́ kí n fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí òyìnbó ṣì ń pe Gáńà ní Góòlù Kóòsì ni àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìnísà, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀. Láti Àkrà títí dé Tàmálè, kò sí ọjà ńlá kan tí ẹ kò ní bá Yorùbá. Wọ́n kọ́ mọ́sálásí. Àwọn oníṣòwò wa náà ni wọ́n gbin ìjọ Onítẹ̀bọmi sí ilẹ̀ ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 1960, Yorùbá tí wọ́n kà ní Gáńà lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún, èyí ni 100,000.

Ìgbà tí ó yá, nǹkan le. Iṣẹ́ kò sí fún àwọn ọmọ onílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé àjèjì ló gba òwò mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, kí ó lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó di ẹrù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún, tí ó ti bí ọmọ, tí ó ti sin òkú, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Aṣọ ni bàbá mi ń tà, àwìn ni ó sì sábà máa ń tà á, nítorí bí òwò aṣọ ṣe rí nìyẹn. Ó ní ìwé kan tí èèpo rẹ̀ pupa, inú rẹ̀ ni ó ń kọ gbèsè sí, olúkúlùkù sì ń fọwọ́ sí ojú ewé tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, àtàǹpàkò ni ó ń tẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, bàbá mi á ki ìwé yìí bọ abíyá, á lọ bá àwọn onígbèsè. Àwọn kan san. Àwọn kan sá pamọ́. Àwọn mìíràn kò ní, ojú wọn sì fi hàn pé wọn kò ní. Aṣọ tí ó ra ní sídì mẹ́wàá, sídì méjì ni ó tà á ní ọjọ́ ìkẹyìn. Nígbà tí a gun ọkọ̀, àwọn mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1,840 sídì. Owó kékeré kọ́ o. Nígbà náà, sídì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là Amẹ́ríkà kan.

Ojú ewé kan wà nínú ìwé náà tí mo kórìíra. Ti aránṣọ kan ni, ọmọ Àṣántì, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkejì sí tiwa. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹun. Ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré ni èmi náà ń bá ṣeré. Sídì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni ó jẹ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ gànǹgàn-gànǹgàn sísàlẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, bàbá mi ní kí awakọ̀ ní sùúrù, pé ọ̀rẹ́ òun ń bọ̀ wá dágbére. Awakọ̀ dúró títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Ọ̀rẹ́ kò wá. Bàbá mi wọ ọkọ̀, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi dé Lomé.

Òwò kò bọ́ sípò fún bàbá mi mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Oko ni ó padà sí. Ní alaalẹ́ ó máa ń ṣí ìwé gbèsè náà lábẹ́ àtùpà, bí ẹni ń ka Sáàmù. Nígbà tí ó ń kú lọ ní ọdún 1991, ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Bí ó bá ṣe pé o dé Kùmásì lọ́jọ́ kan, bá mi béèrè.” Ó dákẹ́ síbẹ̀. Kò tún sọ nǹkan mìíràn lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré yìí, “bá mi béèrè”, ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Èmi gbà pé owó ni bàbá mi ní kí n béèrè. Ìyàwó mi ní irọ́ ni, àwọn ènìyàn náà ni bàbá ní kí n béèrè, bí wọ́n ṣe wà, bí wọ́n bá ṣì wà. “Bàbá Ìbejì,” báyìí ni ó máa ń wí, “ta ni ó ń gba gbèsè lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run? Àlàáfíà wọn ni Bàbá fẹ́ mọ̀.”

A pinnu láti lọ ní ọdún 2019 tí ó pé àádọ́ta ọdún tí wọ́n lé wa. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí i ní ìparí ọdún 2020, àrùn kòrónà ti mú kí Gáńà náà ti tiwọn, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù Kẹta ọdún 2022. Nígbà tí ọ̀nà wá là, tí a ń di ẹrù, ìyàwó mi rí mi tí mo fi ìwé pupa náà sáàárín agbádá.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀. Wọ́n á ní agbowó-gbèsè ló dé.”

“Ìyá Ìbejì, ìwé bàbá mi ni.”

“Mo mọ̀. Ẹ fi sílẹ̀ náà ni.”

Mo yọ ọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ó wọlé lọ mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wa, mo tún fi í pa mọ́ sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀.

Ọjọ́ méjì ni a sùn ní Èkó lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó mi. Lẹ́yìn náà ni a gba ọ̀nà Àgbádárìgì. Ìwé wa pé pérépéré: ìwé ìrìnnà, káàdì yẹ́lò, àti káàdì búráùn ti ECOWAS tí í ṣe ìwé ìdójútòfò ọkọ̀. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ náà ti fẹnu kò pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà náà ẹ mọ̀ pé ohun tí ó wà nínú ìwé ọ̀tọ̀, ohun tí ó wà lójú ọ̀nà ọ̀tọ̀. Nǹkan bí ogún ìgbà ni wọ́n dá wa dúró kí a tó kọjá ibodè àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú wọn yẹ gbogbo ìwé wa wò, kò rí àléébù, ó wá béèrè pé, “Bàbá, ẹ ò wá ní nǹkan fún wa?” Ìyàwó mi fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ díndín. Kò dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà á.

Àjàṣẹ́ ni a kọ́kọ́ yà sí, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ìyàwó mi ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, tí ó fẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. Nígbà tí a dé, obìnrin náà jókòó sórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò dìde. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Kò sẹ́ni tí ó sọ fún wa. Ìyàwó mi kò lè gbẹ́nu sọ ọ̀rọ̀, ó kàn wúkọ́ díẹ̀. Obìnrin náà na ọwọ́ síwájú, ó ní, “Ikọ́ rẹ kò tíì yí padà.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá ojú rẹ̀, imú rẹ̀, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo bọ́ síta.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ fún wa pé ọdọọdún ni òun ń wí pé òun á wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, pé ó di ọdún tí ń bọ̀. “Ọdún tí ń bọ̀ náà ni ó gba ojú mi,” ni ó wí. “Ẹ̀yin méjèèjì, ohun tí ẹ bá ní láti béèrè níbi tí ẹ ń lọ, ẹ béèrè rẹ̀.”

Ilẹ̀ mọ́, a kọjá Kútọnu pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní zémìjàn, a gba etí òkun kọjá Grand-Popo wọ Tógò, a sùn sí Lomé. Ìlú yìí súnmọ́ Gáńà tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá ti jáde nínú ìgboro rẹ̀, Aflao ni ó bọ́ sí. Níbẹ̀ ni mo rántí pé ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ tí ó gbé wa lọ́dún 1969 ń rìn ní Gáńà. Ọdún 1972 ni Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọdún 1974 ni Gáńà ṣe bẹ́ẹ̀. A gba orí afárá Sogakope la odò Fólítà kọjá, a dé Àkrà ní ìrọ̀lẹ́.

Àdúgbò kan wà ní Àkrà tí wọ́n ń pè ní New Town nísinsin yìí. Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Ìyàwó mi ra ọṣẹ dúdú lọ́jà, obìnrin tí ó tà á sì pè é ní “alata samina”. Alata ni wọ́n ń pe àwa ará Nàìjíríà níbẹ̀, ohun tí a sì máa ń gbọ́ ni pé ata tí àwọn ìyá wa ń tà ni orúkọ náà ti wá. Wọ́n lé àwọn alátà lọ, orúkọ wọn ṣẹ́kù sára ọṣẹ.

Láti Àkrà dé Kùmásì tó nǹkan bí 250 kìlómítà. Bí a ti kọjá Nkawkaw tí mo rí òkè gíga ọ̀hún, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí ìdarí ọkọ̀. Ìyàwó mi ní kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun náà wà á dé Kùmásì.

N kò mọ ọ̀nà mọ́. Ọjà Kejetia tí mo mọ̀ ti di ilé ńlá olókè tí ó bo ibi gbogbo. A lọ sí Zongo, a béèrè, wọ́n rán wa síhìn-ín, wọ́n rán wa sọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ kejì ni a tó rí òpópónà wa. Ilé tí a gbé ti di ilé alájà mẹ́ta, fóònù ni wọ́n ń tà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé aránṣọ ṣì wà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn onígi rẹ̀. Bàbá arúgbó kan jókòó síwájú rẹ̀, ó ń gé èékánná. Mo dúró. Ó gbójú sókè, ó wò mí títí, ó sì fi abẹ sílẹ̀.

“Ọmọ Alata!”

Ọmọkùnrin tí a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù alákìísà ni. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún bíi tèmi.

Ẹ gbọ́ bí àwọn Àṣántì ṣe ń gba àlejò. Wọ́n á fún un ní ìjókòó, wọ́n á fún un ní omi mu. Ìgbà tí ó bá ti mumi tán ni wọ́n tó máa bi í ní iṣẹ́ tí ó wá jẹ́. A jókòó, a mumi. Ọ̀rẹ́ mi jókòó dáadáa, ó fi Yorùbá ìgbà èwe wa, tí ó ti fi Haúsá là, béèrè pé kí ni a bá wá. Ìwé pupa wà nínú àpò lábẹ́ abíyá mi. Mo la ẹnu. Kí n tó wí nǹkan kan, ìyàwó mi ti dáhùn.

“Bàbá wa ni ó ní kí a wá béèrè yín.”

Ọkùnrin náà tẹ orí ba. Nígbà tí ó gbé e sókè, ó ní, “Níbo ni ẹ sin Bàbá sí?”

Mo ń rò ó nígbà náà pé kí n fi ìwé náà sílẹ̀ nínú àpò. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni mo rí, lójú ọ̀nà yẹn gan-an, tí ó ń sọ fún awakọ̀ pé kí ó ní sùúrù. Mo yọ ọ́. Mo ṣí ojú ewé ọ̀hún, mo tẹ́ ẹ sórí itan ọ̀rẹ́ mi. Ìyàwó mi kò wo ojú mi.

Ọ̀rẹ́ mi kò wo iye owó. Orúkọ ìsàlẹ̀ ni ó ń wò. Ó fi ìka tọ ọ́ lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ní, “Ọwọ́ Bàbá mi nìyí.” Omi dà lójú rẹ̀. Àṣé bàbá rẹ̀ kú láìní àwòrán kan, lẹ́tà kan kò sì ṣẹ́kù tí ó kọ. Láti ìgbà tí ó ti kú, ojú ewé gbèsè yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ rí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ó wá sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí a lọ, bàbá rẹ̀ fi máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ dógò, ó sì lọ sí abúlé arákùnrin ìyá rẹ̀ láti yá èyí tí ó kù. Ọkọ̀ kò tètè rí gbé e padà, nítorí àwọn tí wọ́n ń lé lọ ti kún gbogbo ọkọ̀. Ó dé ní ọjọ́ kejì tí a lọ, pẹ̀lú owó nínú aṣọ ìnujú. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa tí ó wà ní títì. Ó tọ́jú owó náà títí di ìgbà tí ebi kó wọn nínú ẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí “Bàbá Kùmásì, Ògbómọ̀ṣọ́”, kò rí èsì. Ẹ̀yin ará ìlú wa, ẹ̀yin náà ẹ bá mi rẹ́rìn-ín! Ní ọdún 1970, Bàbá Kùmásì mélòó ni ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi náà wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1979, ó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Alùhájì Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde. Ẹ mọ iye ọjọ́ tí wọ́n fún wọn? Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó gba ọ̀nà náà, ọmọ Gáńà ni ó pọ̀ jù, àwa sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé a sọ báàgì ẹrù wọn ní “Ghana Must Go”. Owó oṣù méjì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Títí ó fi kú, kò rí i gbà.

Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó ń wọlé lọ mú owó. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyàwó mi ní kí a kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ bá wa ṣírò. Ní ọdún 2007, Gáńà yí owó rẹ̀ padà, 10,000 sídì àtijọ́ di ẹyọ sídì kan. Nítorí náà, sídì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún bàbá rẹ̀ kò tó péséwà kan ṣoṣo. Gbogbo 1,840 sídì tí bàbá mi ń wò lábẹ́ àtùpà fún ogún ọdún ó lé, péséwà méjìdínlógún ni. Kò lè ra omi inú ọ̀rá kan. A rẹ́rìn-ín títí àwọn ọmọ ilé fi jáde wá wo ohun tí ó ń ṣe wá.

Ìyàwó mi ni ó ní kí n ya ojú ewé náà fún un. Ó ṣòro fún mi, nítorí bàbá mi kò fa ewé kan ya nínú ìwé yẹn rí. Mo gba abẹ tí ọ̀rẹ́ mi fi ń gé èékánná, mo gé e jẹ́jẹ́. Nígbà tí a fi máa lọ, ó ti wà lára ògiri pálọ̀ wọn nínú férémù.

Ọjọ́ mẹ́fà ni a lò ní Kùmásì. A béèrè àwọn mẹ́rìndínlógójì tí ó kù. Àwọn mẹ́rìnlá ni a rí ìdílé wọn. Kò sí ẹyọ kan nínú àwọn tí ó tọwọ́ bọ̀wé tí ó ṣì wà láàyè. Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ ojú ewé, mo gé e fún wọn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìjọba méjì ni ó ṣe èyí, tiwọn ní 1969, tiwa ní 1983, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. N kò ní sọ pé ọ̀kan ti pa ọ̀kan rẹ́, nítorí ìyà kì í pa ìyà rẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mo fi bínú sí ọkùnrin kan tí ó fi máṣíìnì rẹ̀ dógò nítorí bàbá mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì bíi tiwa, bí owó ìfẹ̀yìntì tí kò tó nǹkan yẹn bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, tí orúnkún sì ṣì ń ká, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ rọ́ òrùlé. Ọ̀rẹ́ kan wà níbì kan tí ẹ kò tíì béèrè. Ẹ lọ béèrè rẹ̀ kí ọdún tí ń bọ̀ tó gba ojú rẹ̀, tàbí tiyín.

Èèpo pupa náà àti ojú ewé mẹ́tàlélógún ṣì wà lọ́wọ́ mi nílé. Ìyàwó mi ti ń béèrè ìgbà tí a máa padà lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ire o.